Feng Shui àti Ilé Ẹ̀gbẹ́ Òkè: Ohun Tí Wọ́n Ń Wò Kí Ìpìlẹ̀ Tó Wọlẹ̀

Bí ẹ bá máa ń wo àwòrán ilé ìgbàlódé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ilé kan tó fi ẹ̀yìn ti òkè, tó kọjú sí òkun, tí gíláàsì bo gbogbo iwájú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ìlànà feng shui ni wọ́n fi yà á. Ẹlòmíràn á tún rí dígí olójú mẹ́jọ, ọ̀pọ̀lọ́ onídẹ tó há owó sẹ́nu, àti ìkòkò ọparun, tí wọ́n ń tà lórúkọ feng shui kan náà. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú: àwọn kan ní ẹ̀sìn ni, àwọn kan ní oògùn owó ni, àwọn mìíràn sì gbà pé ọgbọ́n ìkọ́lé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí a kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè ni màá fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé kíka ojú òkè àti ipa omi wà lára ohun tó lọ́jọ́ lórí jù nínú feng shui, àti pé orí òkè ni a ti lè rí i kedere èyí tó ní ìdí tí ojú lè rí àti èyí tó jẹ́ ìgbàgbọ́. Hong Kong ni màá sì dúró sí jù, nítorí ìlú olókè ni, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tíì fi feng shui sílẹ̀, òkè ibẹ̀ sì ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ tó korò.

## Kí ni feng shui gan-an?

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ní èdè àwọn ará Ṣáínà, feng ni afẹ́fẹ́, shui sì ni omi. Ọ̀rọ̀ kẹta tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni qi, èyí tó túmọ̀ sí èémí tàbí agbára ìyè tí wọ́n gbà pé ó ń rìn nínú ilẹ̀, nínú omi àti nínú ara ènìyàn. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ líle máa ń fọ́n qi ká, omi a sì máa dá a dúró. Nítorí náà, ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti le jù, tí omi sì wà nítòsí, ni qi yóò ti kóra jọ. Inú ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n sọ pé Guo Pu kọ, ẹni tó kú ní ọdún 324, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ibi ìsìnkú ni ìwé náà sì dá lé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pín feng shui sí ti ibojì àwọn baba ńlá, tí wọ́n ń pè ní ilé yin, àti ti ilé tí alààyè ń gbé, tí wọ́n ń pè ní ilé yang. Ti alààyè ni àwa ń sọ níbí.

Mo fẹ́ kí ohun kan yé wa kí a tó lọ síwájú. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn qi bí a ti ń wọn iná mànàmáná tàbí ooru, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ di owó yín mú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣeé wọ̀n, omi ṣeé wọ̀n, dídagẹ̀rẹ́ òkè náà ṣeé wọ̀n, àwọn mẹ́ta yìí sì ni àwọn àgbà tó dá ọgbọ́n náà sílẹ̀ ń wò kí wọ́n tó sọ ohunkóhun nípa qi.

Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ feng shui ń gbà ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń fi ojú ka ilẹ̀: bí òkè ṣe yí po, ibi tí odò gbà, ibi tí igi ti hù dáadáa. Àwọn kejì ń lo kọ́ńpáàsì tí wọ́n ń pè ní luopan. Luopan jẹ́ pákó onígun mẹ́rin tí àwo róbótó kan wà lórí rẹ̀ tó ṣeé yí. Láàárín àwo náà ni abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan ti ń gbọ̀n nínú ihò tí wọ́n ń pè ní adágún ọ̀run, òwú pupa méjì sì dábùú ara wọn kọjá lórí rẹ̀. Òrùka lóríṣiríṣi, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní sí lára, yí ihò náà ká. Ọ̀kan nínú wọn pín ayé sí ọ̀nà 24, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ digiri 15. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, orúkọ ibi tí ilé kọjú sí lè yí padà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé onímọ̀ méjì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kan náà kí ọ̀rọ̀ wọn má bára mu. Ní ti ilé ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀nà àkọ́kọ́, ti àwọn tó ń fi ojú ka ilẹ̀, ló wúlò jù lójú tèmi.

## Ẹranko mẹ́rin tí wọ́n ń dárúkọ, kí ni wọ́n dúró fún?

Ẹ fojú inú wo àga tó ní ẹ̀yìn gíga àti apá méjì. Ẹni tó jókòó sínú irú àga bẹ́ẹ̀ kò ní bẹ̀rù ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, yóò rí ibi gbé apá lé, iwájú rẹ̀ yóò sì ṣí sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ilẹ̀ rí nìyẹn. Òkè gíga tó wà lẹ́yìn ilé ni ahun dúdú. Bí ẹ bá dúró nínú ilé tí ẹ kọjú síta, òkè tó wà lápá òsì ni dírágónì aláwọ̀ ewé, èyí tó wà lápá ọ̀tún sì ni ẹkùn funfun, wọ́n sì fẹ́ kí ti dírágónì ga díẹ̀ ju ti ẹkùn lọ. Níwájú lọ́ọ̀ọ́kán, òkè kékeré tó rẹlẹ̀ ni ẹyẹ pupa. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó wà láàárín ilé àti ẹyẹ pupa ni wọ́n ń pè ní gbọ̀ngàn ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé qi ti ń kóra jọ bí omi ti ń kóra jọ sínú agbada.

Bí ẹ bá lọ sí àwọn abúlé àtijọ́ tó wà ní agbègbè New Territories ní Hong Kong, ẹ óò rí àga yìí lójúkorojú. Àwọn ilé wà ní ìlà, wọ́n fi ẹ̀yìn ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Iwájú wọn ni pápá tí wọ́n ti ń sá ìrẹsì tẹ́lẹ̀ wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni adágún tó dà bí ìlàjì òṣùpá ní àwọn abúlé kan. Lẹ́yìn àwọn ilé náà, igbó kìjikìji kan yí po bí ìgbà tí ènìyàn fi apá gbá ọmọ mọ́ra: ọparun, igi káńfọ̀, àti igi eléso tí àwọn baba ńlá gbìn. Igbó feng shui ni wọ́n ń pè é. Abúlé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e, nígbà tí wọ́n sì ti gé igbó orí ọ̀pọ̀ òkè mìíràn fi dáná tán, èyí ṣẹ́ kù. Àwọn onímọ̀ nípa igi ń lọ síbẹ̀ lónìí láti wá irúfẹ́ igi tó ti ṣọ̀wọ́n níbòmíràn. Ẹni tó bá sọ pé ìgbàgbọ́ lásán kò ṣàǹfààní fún ẹnì kankan, ẹ mú un lọ síbẹ̀. Igbó náà ń gba ìjì mọ́ra kó tó dé òrùlé, ó ń fa omi òjò mu kó tó ya wọ agbo ilé, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di ojú ilẹ̀ mú.

## Kí ló dé tó jẹ́ àárín òkè, tó sì jẹ́ gúúsù?

Orí ṣóńṣó òkè ni ọ̀pọ̀ olówó fẹ́ kọ́lé sí nítorí ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Feng shui lòdì sí i. Afẹ́fẹ́ kò ní jẹ́ kí orí òkè sinmi, ilé tó bá sì dá dúró síbẹ̀ dà bí àga tí kò ní ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ àfonífojì náà kò dára, nítorí ibẹ̀ ni omi gbogbo òkè ń dà sí. Àárín sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n yàn, níbi tí dídagẹ̀rẹ́ náà ti rọlẹ̀, tí omi sì lè ṣàn kọjá láìdúró.

Ti gúúsù náà ní ìdí. Ní Ṣáínà, afẹ́fẹ́ tútù ìgbà òtútù máa ń ti apá àríwá wá, láti ilẹ̀ Mòǹgólíà àti Siberia, nígbà tí afẹ́fẹ́ ìgbà ooru máa ń ti apá gúúsù wá láti orí òkun. Nígbà òtútù, oòrùn ọ̀sán ń gba apá gúúsù kọjá, ó sì rẹlẹ̀. Ilé tó bá ní òkè ní àríwá, tó ṣí fèrèsé sí gúúsù, á bọ́ lọ́wọ́ òtútù, á sì gba oòrùn àti afẹ́fẹ́ tó tù ú lára lásìkò tó yẹ. Kò sí awo nínú èyí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé òfin gúúsù yìí wá sí Ìbàdàn tàbí Ìdànrè láìyí i padà ti gbé ẹ̀wù ẹlòmíràn wọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí ní gbogbo ọdún. Láti bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, afẹ́fẹ́ òjò ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá. Ohun tó yẹ kí ènìyàn mú lọ ni ìbéèrè náà, kì í ṣe ìdáhùn: níbo ni afẹ́fẹ́ tó ń yọni lẹ́nu ti ń wá, níbo ni èyí tó ń tuni lára ti ń wá, níbo ni omi ń gbà?

## Ǹjẹ́ feng shui lè dá òkè dúró?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti gba sùúrù, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà ńbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1972, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta tó ju milimítà 600 lọ, ilẹ̀ ya ní ibi méjì ní Hong Kong lọ́jọ́ kan náà. Ní Sau Mau Ping, ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ fi ṣe ojú ọ̀nà wó bo àwọn ilé onígbà díẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ènìyàn 71 sì kú. Ní Po Shan Road, níbi tí àwọn tó rí jájẹ ń gbé, òkè ya, ó gbá ilé gogoro kan ṣubú, ènìyàn 67 ló bá a lọ. Ní 1976, Sau Mau Ping tún ya, ènìyàn 18 kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì láti máa ṣọ́ àwọn òkè tí ènìyàn ti gé tàbí tí ènìyàn kó jọ, iye tí wọ́n sì ti forúkọ wọn sílẹ̀ lónìí tó nǹkan bí 60,000.

Ẹ kíyè sí Po Shan Road dáadáa. Òkè gíga ni ẹ̀yìn rẹ̀, èbúté òkun ni iwájú rẹ̀. Bí ẹ bá fi àwòrán rẹ̀ han ẹni tó ti ka ìwé feng shui kan ṣoṣo, yóò ní ibẹ̀ dára. Òkè lẹ́yìn àti omi níwájú nìkan kò tó.

Kí ló ń mú òkè ya? Ẹ bu gàrí gbígbẹ sínú àwo, kí ẹ fi mọ òkìtì: yóò máa ya wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, yóò di mọ́ra, ẹ ó sì lè mọ ọ́n ga. Ẹ wá da omi púpọ̀ sí i, òkìtì náà yóò tẹ́, yóò sì fẹ́ máa ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ òkè ṣe rí. Ọ̀rinrin díẹ̀ ń di hóró ilẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá pọ̀ tí omi sì kún àárín wọn, omi náà á máa tì wọ́n kúrò lára ara wọn, ìwúwo tí ilẹ̀ náà sì ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ á wá fà á lulẹ̀.

Ilé ìgbàlódé sì máa ń dá kún wàhálà yìí, nítorí pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ilé ń fẹ́. Wọn á gé òkè lápá kan, wọn á kó iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gé lọ dà sí iwájú kí ilẹ̀ lè tẹ́jú, wọn á sì gbé ilé lé orí méjèèjì. Apá tí wọ́n gé ti di ògiri iyẹ̀pẹ̀ tó dúró ṣánṣán, tí kò ní ẹsẹ̀ mọ́. Apá tí wọ́n kó jọ kò sì lágbára bí ilẹ̀ tí Ọlọ́run tẹ́ síbẹ̀, àfi bí wọ́n bá gún un mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele. Irú ilẹ̀ àkójọ yìí ló pa àwọn ènìyàn Sau Mau Ping. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, apá kan ilé á rì ju èkejì lọ, ògiri á sì sán.

Feng shui ní òfin kan tó bá èyí mu. Wọ́n gbà pé iṣan dírágónì ń gba inú òkè kọjá, ẹni tó bá gé òkè ti gé iṣan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré ní Hong Kong: nígbà tí iṣẹ́ ìjọba bá máa kan òkè tó wà lẹ́yìn abúlé àtijọ́, ìjọba a máa san owó ètùtù kan tí wọ́n ń pè ní tun fu kí ọkàn àwọn ará abúlé lè balẹ̀. Ẹ lè gba dírágónì gbọ́, ẹ sì lè má gbà á gbọ́. Ẹnjiníà tí kò mọ nǹkan kan nípa dírágónì yóò sọ fún yín bákan náà pé kí ẹ gé òkè níwọ̀nba, kí ẹ sì jẹ́ kí ilé tẹ̀ lé bí ilẹ̀ ṣe dà. Níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà ni pé luopan kò lè sọ bí omi ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, tàbí bí àpáta ṣe jìn tó. Ihò tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ló lè sọ ìyẹn.

## Báwo ni wọ́n ṣe ń yàwòrán ilé náà?

Ilé tó bá òkè rẹ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele bí àtẹ̀gùn. Dípò pèpéle ńlá kan ṣoṣo, ilé náà lè ní pèpéle kéékèèké mẹ́ta: yàrá ìbùsùn lókè lẹ́yìn, níbi tó pa rọ́rọ́, pálọ̀ àti ibi ìjẹun láàárín, ọgbà kékeré tó tẹ́jú níwájú. Ọgbà náà ni gbọ̀ngàn ìmọ́lẹ̀. Wọn kì í fẹ́ kó dà wálẹ̀ gẹ́rẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, nítorí wọ́n ní qi àti owó á máa yí lọ sísàlẹ̀; ẹni tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń sáré kiri nínú ilé kò nílò ìdí mìíràn láti fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Ibi tí ọwọ́ ti sábà máa ń há ni ẹnu ọ̀nà. Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olókè, ọ̀nà mọ́tò wà lókè, ilé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ni ènìyàn ń gbà wọlé. Ẹnu ọ̀nà wá kọjú sí ahun, pálọ̀ ló kọjú sí ẹyẹ. Èwo wá ni ojú ilé? Àwọn onímọ̀ feng shui kò fẹnu kò lórí èyí: àwọn kan ní ibi tí ilẹ̀kùn wà ni, àwọn kan ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń wọlé jù ni. Ohun tí àwọn ayàwòrán ilé sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n gbé ẹnu ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì fi àgbàlá kékeré kan ṣáájú rẹ̀. Ọ̀nà tó wọlé kò sì gbọdọ̀ tọ́ tààrà wá bá ilẹ̀kùn bí ọfà, ó yẹ kó yí díẹ̀. Ẹni tó bá ti gbá omi òjò kúrò ní pálọ̀ rí, tí omi náà ti orí kọnkéré ọ̀nà mọ́tò ya wọlé, mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́.

Nínú ilé, àtẹ̀gùn kò gbọdọ̀ kọjú tààrà sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ibùsùn yẹ kó fi orí ti ògiri tó le, kí ẹni tó dùbúlẹ̀ lè rí ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sí i gan-an. Gíláàsì gbàgede ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ fún iwájú, ó sì dára bí ẹ̀yìn ilé bá jẹ́ ògiri tó nípọn. Ṣùgbọ́n gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn á sọ pálọ̀ di ààrò ní ìrọ̀lẹ́, àfi bí wọ́n bá na òrùlé síta bo ó. Èròjà márùn-ún tí wọ́n ń sọ, ìyẹn igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi, ń bọ̀ sínú àwòrán nípasẹ̀ ohun èlò: pákó, òkúta, irin, adágún kékeré. Àwọ̀ ògiri àti nọ́ńbà ilé wà lára ìgbàgbọ́, ẹ lè ṣe èyí tó bá wù yín níbẹ̀.

## Ṣé ẹ̀sìn ni?

Kò ní ilé ìjọsìn tirẹ̀, kò sì ní ọlọ́run kan tí wọ́n ń bọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọnú ìbọ̀wọ̀ fún baba ńlá àti àṣà ètùtù àwọn ará Ṣáínà tó bẹ́ẹ̀ tí kò rọrùn láti yà wọ́n. Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí tó bá fẹ́ kọ́ ilé tó bá afẹ́fẹ́ àti omi mu lè ṣe é láìfọwọ́ kan dígí olójú mẹ́jọ.

## Ta ni kó kọ́kọ́ dé orí ilẹ̀ náà?

Ẹnjiníà onímọ̀ ilẹ̀ ni, ìgbà òjò ló sì yẹ kó wá, nígbà tí ilẹ̀ kò lè fi ohunkóhun pamọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ayàwòrán ilé, lẹ́yìn ìyẹn ni onímọ̀ feng shui bí ẹ bá fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá tò ó sódì, tí ilé ti gba ojú tí luopan mú, ẹnjiníà yóò kàn máa wá bí òkè yóò ṣe gbọ́ràn sí àwòrán ni.

Bí ilé tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ni ẹ sì fẹ́ rà, ẹ lọ wo ògiri tí wọ́n fi dá ilẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Ní Hong Kong, àwo kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà òkè náà sí wà lára rẹ̀, ihò páìpù kéékèèké sì wà ní ìlà lójú ògiri náà, tí omi inú ilẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ wo gọ́tà tó wà lókè orí ògiri náà bóyá ewé ti dí i. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹnu àwọn ihò wọ̀nyẹn. Bí omi bá ń kán níbẹ̀ tótó, ògiri náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ihò bá gbẹ táútáú nígbà tí ojú ògiri tutù rinrin, tàbí tí ògiri ti yọ ikùn síta, ó ṣeé ṣe kí omi ti há sẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sùn sí yàrá tó sún mọ́ ọn títí ẹnjiníà yóò fi wò ó.